Àtẹ́lẹwọ́ Pẹ́ńtà àti Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì

Ọmọbìnrin kan wà, kíkun ọkọ̀ lọ́dà niṣẹ́ rẹ̀. Pẹ́ńtà ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀. Ohun méjì ló wù ú láyé. Ọ̀kan jẹ́ ọkọ̀, èkejì jẹ́ ọkùnrin. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ní kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Kò gbà.

Ọkọ̀ ló kọ́kọ́ rí.

Dókítà eyín kan tó ti fẹ̀yìn tì ló wà á wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá Pẹ́ńtà. Ẹyẹ ti yàgbẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìgbẹ́ náà sì ti jẹ ọ̀dà ibẹ̀. Ọkọ̀ asáré ni, oníjókòó méjì, aláwọ̀ aró. Ó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ yóò tẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí dókítà fẹ́ máa lọ tó ṣáná sí i, gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Àwọn tó ń lu irin gan-an gbé òòlù sílẹ̀.

Pẹ́ńtà sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún."

Dókítà wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí àwọ̀ tí kò sí lára aṣọ náà.

"Ìwọ?"

"Èmi, sà."

"Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀?"

"Rárá, sà. Ẹ sọ fún mi kí n lè tètè bẹ̀rẹ̀."

Dókítà sọ fún un.  Ọ̀sẹ̀ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fowó pamọ́. Bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ọkùnrin dé ní ọdún kejì.

Tíṣà ni, ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní òdìkejì títì. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ ló gbé wá. Ara kẹ̀kẹ́ náà ti ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àwọ̀ wo lẹ fẹ́?"

"Èyí tí kò bá wọ́n."

Ó sanwó, ó lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tún dé. Kẹ̀kẹ́ ti tún ha. Lẹ́yìn oṣù kan ó tún dé. Nígbà kẹrin, Pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ibẹ̀ dáadáa, ó dìde.

"Tíṣà, kọ́kọ́rọ́ lẹ fi ń ha kẹ̀kẹ́ yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ibi tí ògiri bá ha kì í tọ́ tó báyìí. Rúlà lẹ tún gbé lé e."

Ojú ti Tíṣà. "Bí mo bá tiẹ̀ máa bà á jẹ́, ó yẹ kó tọ́."

"Ẹ ò kúkú sọ pé èmi lẹ wá rí."

"Láti ìgbà kejì ni mo ti ń gbìyànjú àtisọ ọ́."

"Ẹ sọ ọ́ báyìí."

"Ìwọ ni mo wá rí."

"Ẹ jókòó."

Ó jókòó. Láti ọjọ́ náà, tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, orí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọn yóò wà. Tíṣà a máa máàkì ìwé àwọn ọmọ, Pẹ́ńtà a máa fi kẹrosíìnì fọ ọwọ́. Tíṣà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Pẹ́ńtà náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀.

Pẹ́ńtà sọ ti ọkọ̀ asáré fún un. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè bí ó ṣe ń sáré tó.

*

Àǹtí Aránṣọ, àbúrò bàbá Tíṣà, ló ṣe alárinà wọn. Obìnrin tó máa ń fi píìnì há ẹnu sọ̀rọ̀ ni, kò sì gbé ọ̀kan mì rí. Òun ló mú ọjọ́ tí Pẹ́ńtà yóò lọ rí àwọn òbí ọkùnrin.

"Gbọ́, ìyàwó wa," ló wí. "Bàbá ẹ̀ kì í ṣòro. Yin ọkọ̀ ẹ̀, ó parí. Ìyá ẹ̀ ni kí o ṣọ́ra fún. Nọ́ọ̀sì àgbà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó lè gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí onítọ̀hún ṣì máa kí i kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré yẹn, má mẹ́nu bà á o."

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ẹnu rẹ̀ ló gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ́.

Ilé náà mọ́ tónítóní bí yàrá ilé ìwòsàn. Ìyá Tíṣà bi í léèrè iṣẹ́, ó dáhùn. Ó bi í léèrè òbí, ó dáhùn. Inú ìyá ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó dìde lọ po tíì. Bàbá Tíṣà, ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, wá fa ọmọbìnrin náà jáde sí àgbàlá lọ wo ọkọ̀ òun. Tíṣà àti Àǹtí tẹ̀ lé wọn.

Ọkọ̀ funfun ni. Ó ń dán.

"Ọdún mọ́kànlá rèé," ni bàbá wí. "Tuntun ni mo rà á. Kò fara gbún nǹkan kan rí. Lẹ́yìn èmi, kò sẹ́ni tó wà á rí."

Pẹ́ńtà fẹ́ yin ọkọ̀. Ohun tí wọ́n rán an ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kun ọkọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Ọ̀dà a máa tan ojú jẹ. Kì í tan àtẹ́lẹwọ́. Kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rìn lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó dúró níbì kan.

"Ó dára gan-an o, sà," ló wí. Tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. "Ẹni tó bá yín tún ibí ṣe mọṣẹ́."

"Tún ibo ṣe?"

Ó yẹ kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó fi egungun ìka kan ara ọkọ̀.

"Ibí ń dún gan. Ibí ń dún pọ̀. Pọ́tì ló wà ńbẹ̀, sà, èyí tí a fi ń dí ojú ibi tó bá ti tẹ̀ ká tó kùn ún. Á ti tó ọdún mẹ́wàá."

Bàbá fi ìka tirẹ̀ kàn án. Gan. Gan. Pọ̀. Ó tún kàn án. Pọ̀. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Bàbá, èmi ò mọ ọkọ̀ wà."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

"Ẹ má wo èmi o!"

Ìyá Tíṣà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo tíì lọ́wọ́. Àwọn ife orí rẹ̀ ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Ọdún tí ẹ lọ sìnkú ọ̀gá yín. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ lò. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa ń rí lára ni. Òpó géètì ló dá mi dúró."

"Òpó géètì! O ní ìjì ló tẹ̀ ẹ́!"

"Ìjì ò jà lọ́dún yẹn."

Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Kò sẹ́ni tó mu tíì.

*

Ọjọ́ kejì ni ìyá sọ tẹnu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. Ó ní òun ò bínú nítorí àṣírí. Irọ́ ni, ó ń bínú. Ṣùgbọ́n ó ti rí ìdí mìíràn dì mú. Àǹtí Aránṣọ, níbi tó ti ń tọrọ àforíjì fún Pẹ́ńtà, ti já ọ̀rọ̀ ọkọ̀ asáré sílẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ni ìyá wí, "ó fẹ́ kó gbogbo ohun tó ní lé orí ọkọ̀ oníjókòó méjì. Ìwọ ọ̀kan, òun ọ̀kan. Níbo lọmọ máa jókòó? Orí bọ́nẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó ń ronú ilé kì í ra nǹkan tí kò gba ará ilé. Bó bá gbàgbé ọkọ̀ yẹn, kó padà wá. Bí kò bá gbàgbé ẹ̀, kí ìwọ gbàgbé òun."

Ọ̀rọ̀ ní eyín nínú. Tíṣà gbé e dé orí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé o ò lè ní sùúrù ná? Ọdún márùn-ún péré."

"Dókítà pè mí lánàá," ni Pẹ́ńtà wí. "Ó ń tà á. Ó fún mi lóṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíràn ti wà nílẹ̀."

"Ṣé apá rẹ ká a?"

"Ó ku ìdámẹ́rin."

Tíṣà fa bébà yọ. Àṣà rẹ̀ ni. Ó kọ epo, ó kọ taya, ó kọ owó ìwé ọkọ̀, ó kọ ohun èlò tí yóò máa bàjẹ́. Ó rò ó pọ̀. Ó tún un rò.

"Kò jáde," ló wí. "Bó o bá tiẹ̀ rà á, kò ní í sí owó tí wàá fi wà á."

"Ìṣirò rẹ tọ̀nà."

"Nígbà náà?"

"Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń ṣe ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lẹ́wà. Bó bá dán tán, olówó á dé, á gbé e lọ. Mo fẹ́ kí ọ̀kan dúró tì mí."

Tíṣà ká bébà náà.  Ó gun kẹ̀kẹ́, ó lọ. Ó lé ní oṣù méjì tí kò fi dé orí bẹ́ǹṣì.

Pẹ́ńtà kò sunkún níbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó kun ilẹ̀kùn ọkọ̀ kan, ọ̀dà náà ṣàn wálẹ̀ bí omi ojú. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tó ti gbòmìnira. Ọ̀gá rẹ̀ dúró tì í.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, sà."

"Ọ̀dà kì í purọ́," ni ọ̀gá wí. "Ha á kúrò. Tún un kùn."

Ó ha á. Bó ti ń ha á ló ń bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé orí kunkun ni àbí ìfẹ́? Ó ronú kan Tíṣà, ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ó ronú pé òun pe dókítà, òun ní òun ò rà á mọ́. Ọkàn rẹ̀ tún gbọgbẹ́. Ọgbọọgba ni. Ó pe bàbá rẹ̀, tó wà lọ́nà jíjìn. Bàbá rẹ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tán.

"Ọkùnrin tó o bá mú, mo ti gbà," ló wí. "Ọkọ̀ tó o bá rà, má fi pa ara rẹ."

Ìmọ̀ràn rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀.

*

Ẹni tí Pẹ́ńtà kò retí ló kọ́kọ́ yọjú. Bàbá Tíṣà ni. Ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́yìn, ọ̀rẹ́ náà sì fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù tó gbé wá.

"Òun nìyí," ni bàbá wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ohun tí ojú mi ò rí fún ọdún mẹ́wàá, ìṣẹ́jú kan ló fi rí i. Ọmọ, fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí fún wa."

Ó fọwọ́ kàn án. Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti wó rí, kí wọ́n má rà á. Ọ̀rẹ́ bàbá sanwó fún un, ó dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn méjì dé. Lẹ́yìn náà, márùn-ún. Ọkùnrin tó gbọ́dọ̀ rí nǹkan fi yangàn ni bàbá Tíṣà. Kò lè fi ọkọ̀ ṣe é mọ́, ó wá mú ọmọbìnrin tó tú àṣírí ọkọ̀ náà, ó ń fi yangàn káàkiri.

"Bàbá, màmá ńkọ́?" ni Pẹ́ńtà bi í lọ́jọ́ kan.

"Ó ń bá mi jà. Ó ní ká ní mo kọ́ òun ní ọkọ̀ nígbà náà, òpó géètì ì bá wà láàyè." Ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Òótọ́ ló sọ. Àràárọ̀ ni mo wá ń kọ́ ọ báyìí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bú mi bó ṣe ń wà á."

Ìdámẹ́rin tó kù wá di ìdámẹ́jọ. Oṣù mẹ́ta ti fẹ́ẹ̀ pé.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, kẹ̀kẹ́ fara ti bẹ́ǹṣì. Tíṣà jókòó, bébà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ṣi ìṣirò yẹn," ló wí.

"Ìwọ?"

"Mo ka taya, mo ka epo. Mi ò ka ìwọ. Ìṣirò ohun tó o ní lọ́jọ́ yẹn ni mo ṣe. Mi ò ṣe ti ohun tó o lè ṣe." Ó gbé ojú sókè. "Mo ti sọ fún màmá mi. Mo ní bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan, ìwọ ni mo mú."

Inú Pẹ́ńtà dùn. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ le.

"Mi ò ní kó o mú ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe sí mi náà nìyẹn. Mi ò fẹ́ wọ ilé tí ìyá ilé ti kẹ̀yìn sí mi."

"Kí ni ká wá ṣe?"

"Fún mi ní aṣọ ìnuwọ́ yẹn. Jókòó. Mo ti ń wá ọ lójú títì láti oṣù méjì, mo sì gbọ́dọ̀ wò ọ́ dáadáa ná."

*

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí oṣù mẹ́ta pé, ìyá Tíṣà wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú báàgì lápá. Àwọn tó ń lu irin dákẹ́. Ó ní irú ojú tó ń mú kí ènìyàn fẹ́ yọ ahọ́n fún yíyẹ̀wò.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ṣé ìwọ lò ń fọwọ́ kan ọkọ̀ fún gbogbo ayé?"

"Èmi ni, mà."

"Èyí tó o fẹ́ rà ńkọ́? O ti fọwọ́ kàn án?"

Pẹ́ńtà wo ọwọ́ ara rẹ̀.  Ọdún mẹ́ta! Ó ti kun bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ti lálàá rẹ̀, ó ti yọjú wò ó lágbàlá dókítà. Àmọ́ kò tíì fi ojú ẹni tó ń rà á wò ó rí.

"Rárá, mà."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ ni, mà."

Ìyá Tíṣà rẹ́rìn-ín ṣókí. "Èmi náà fẹ́ràn ẹnì kan, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti délé ẹ̀ tán kí n tó mọ̀ pé ó ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì." Ó fa báàgì rẹ̀ sókè. "Gbọ́. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi gbé òpó géètì sínú. Mo ń ṣẹ́jú bí ọkọ mi bá ti ń nu ọkọ̀. Láti ọjọ́ tó o ti tú u jáde ni mò ń sùn gbádùn. Mi ò fẹ́ràn ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ẹ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè sọ òótọ́ lágbàlá mi, mi ò ní jẹ́ kó lọ fowó ẹ̀ ra irọ́. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ yẹn. Ó yá."

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ òrùlé, ó ń dán bí omi. Pẹ́ńtà pa ojú dé, ó gbé ọwọ́ lé e.  Ilẹ̀kùn kìíní: kò sí nǹkan. Ẹ̀yìn: kò sí nǹkan. Ilẹ̀kùn kejì: kò sí nǹkan. Ó ti ń mí dáadáa. Lókè taya iwájú, lápá ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kò fẹ́ kó dúró. Ó dúró.

Ó kàn án. Pọ̀.

Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi òun.

"Dókítà," ló wí, "ibí ti wó rí."

"Irọ́! Kò gbún nǹkan kan rí lọ́wọ́ mi."

"Kí ó tó dọ́wọ́ yín ni, sà. Wọ́n fi tàn yín ni."

Ojú dókítà pọ́n. Ìyá Tíṣà, tí dókítà ti mọ̀ láti ilé ìwòsàn, bọ́ síwájú.

"Dókítà, eyín tó funfun lókè tó ti jẹrà ní gbòǹgbò, èló lẹ máa ń ní kí wọ́n rà á?"

Dókítà wò ó. Ó wo ọkọ̀. Ó fi ìka ara rẹ̀ kàn án nígbà mẹ́ta, bí ó ti máa ń kan eyín. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"A máa ń yọ ọ́ ni, Nọ́ọ̀sì. A kì í tà á."

"Ẹ ṣeun. Ẹ yọ díẹ̀ nínú owó yẹn náà."

Wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi ná owó rẹ̀.  Pẹ́ńtà kàn ń wo obìnrin náà bí ẹni tó ń wo ọ̀gá tuntun. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìdámẹ́jọ tó kù ti wọlẹ̀ lọ, owó taya méjì sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Dókítà fún un ní kọ́kọ́rọ́.

"Ibi tó wó yẹn ńkọ́?" ni ìyá bi í bí wọ́n ti jókòó sínú rẹ̀, orúnkún wọn dé àyà. "Ṣé á pa wá?"

"Rárá, mà. Irin abẹ́ rẹ̀ le. Màá tún un ṣe fúnra mi."

"Ó dáa." Ìyá wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò sí ẹ̀yìn. "Ọmọ ò lè jókòó síbí láéláé."

"Mo mọ̀, mà."

"Bó bá dé, ọkọ̀ funfun á máa gbé e. Èmi ni màá máa wà á." Ó de bẹ́líìtì mọ́ra. "Kí lò ń dúró dè? Ṣáná sí i."

*

Ní kọ́ọ̀tù, òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Pẹ́ńtà àti Tíṣà fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Àǹtí Aránṣọ ló rán aṣọ méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde, ọkọ̀ aláwọ̀ aró ń dúró de wọn nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Ìyàwó na kọ́kọ́rọ́ sí ọkọ.

"Èmi?"

"Ìwọ."

"Kẹ̀kẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n gùn."

"Mo mọ̀. Wọlé."

Tíṣà tẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Ó ṣáná sí i. Ọkọ̀ fò síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

"Kílọ́ọ̀ṣì!" ni bàbá rẹ̀ kígbe láti orí àtẹ̀gùn. "Rọra gbé ẹsẹ̀!"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń pariwo mọ́ èmi náà."

Ó tún ṣáná sí i. Ó tún kú. Ọ̀gá Pẹ́ńtà ń fi àkẹ́tẹ̀ bo ojú. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Tíṣà, tí wọ́n gbà láàyè láti wá, ń kà á sókè: "Méjì!"

"Mo ń dójú tì ẹ́," ni Tíṣà wí jẹ́ẹ́.

"Tún un ṣe," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí ọkọ̀ náà gbọ̀n, ó wúkọ́, ó sì ń lọ. Kò yára. Bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá rìn yà á sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà lórí àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bá a rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àwọn ará títì náà sì dara pọ̀ láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tíṣà fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú kankan. Òógùn bò ó. Ẹ̀rín sì bò ó.

Wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti tọ́, tí kò sí ohun kan níwájú.

Ìyàwó fara ti ìjókòó rẹ̀.

"Fi kún un," ló wí.

Ó fi kún un.